Nígbà Tí Oorun Bá Kọ̀ Tí Kò Wá

Nígbà tí olùkọ́ wa ní kí kálukú wa mú ohun kan tó yé e dáadáa, kó ṣàlàyé rẹ̀ fún ìwé ìròyìn wa ti táàmù yìí, àwọn kan mú ẹ̀kọ sísè, àwọn kan mú irun dídì. Èmi mú oorun. Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Oorun kẹ̀! Ìwọ tí o kì í sùn?" Mo ní ìdí tí mo fi mú un gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi àmì ohùn sí i dáadáa, kí wọ́n má baà gé máàkì mi. Oorun tí à ń sùn ni mò ń sọ o. Kì í ṣe oòrùn tó ń ràn lọ́sàn-án, kì í sì í ṣe òórùn tí imú wa máa ń gbọ́ lẹ́yìn kíṣìnnì lọ́jọ́ tí wọ́n bá se ẹ̀wà jóná. Bákan náà, àìsùn yàtọ̀ sí àìrí-oorun-sùn. Àìsùn ni èyí tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ mú: àìsùn òkú, àìsùn ọdún tuntun ní ṣọ́ọ̀ṣì, àìsùn àwọn Mùsùlùmí tó ń kírun lóru nínú oṣù Ramadan. Ẹni tó ń ṣe àìsùn ò fẹ́ sùn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò rí oorun sùn, ó fẹ́ sùn, ó ti dùbúlẹ̀, ó ti pa ojú dé, oorun ló kọ̀ tí ò wá.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jọ mí lójú: másùnmáwo. Òun là ń pe wàhálà tó bá gba ọkàn àti ara èèyàn kan. Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀: "má sùn." Ó dà bíi pé ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ pé wàhálà àti oorun kì í jọ gbé yàrá kan náà.

BÓ ṢE BẸ̀RẸ̀ LÁRA MI

JSS3 ni mo wà, ọmọ ọdún 13 ni mí, ọdún yìí la sì máa ṣe ìdánwò BECE. Ní ìparí táàmù kìíní, 38 nínú 100 ni mo gbà nínú ìṣirò. Mi ò gba irú ẹ̀ rí láyé mi. Ọ̀rọ̀ kejì wá bá a. Lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá kí wa, bàbá mi nìkan ló wá. Búrẹ́dì kan àti gààrí díẹ̀ ló gbé wá, kò sí mílíìkì, kò sí ẹja díndín tí màmá mi máa ń dì ránṣẹ́. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì nígbà tí mo gbọ́ tó ń bẹ olùkọ́ tó ń bójú tó ilé wa, pé ọjà ò tà, pé òun á mú owó tó kù wá kí táàmù tó parí. Nígbà tó jáde, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní kò sí wàhálà kankan. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún un pé mo gbọ́.

Láti òru ọjọ́ yẹn ni oorun ti fi ojú mi sílẹ̀.

Aago 10 ni wọ́n máa ń pa iná. Kò ní pẹ́ tí gbogbo ilé á fi pa lọ́lọ́, tí ọ̀rẹ́ mi tó ń sùn lórí bọ́ǹkì òkè á ti máa hanrun. Èmi á la ojú sílẹ̀, màá máa wo pákó bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Màá yí sọ́tùn-ún, màá yí sósì. Tí wọ́n bá lé mi sílé torí owó ńkọ́? Tí wọ́n bá san owó náà tán tí mo tún wá féèlì ńkọ́? Àyà mi á máa lù kìkì bí ẹni tó sáré. Màá wá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tí kò sí nínú ìwé wa: tí mo bá sùn báyìí, wákàtí mẹ́fà ló kù. Tó bá yá, ó ku mẹ́rin. Tó bá tún yá, ó ku méjì. Bí omi bá ń kán láti ẹnu ẹ̀rọ lẹ́yìn ilé, màá ní Madam Koi Koi ló ń bọ̀ pẹ̀lú bàtà gogoro rẹ̀. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́sàn-án mo mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òru ò jọ ọ̀sán.

ÀṢÌṢE TÍ MO ṢE

Mo ní, ṣebí mi ò kúkú sùn, ẹ jẹ́ kí n máa fi òru kàwé. Àwọn síníọ̀ wa ń pè é ní TDB, pé kéèyàn kàwé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Mo ra obì, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní goro, mo ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú bó ṣe korò tó. Ẹnì kan fún mi ní kọfí, mo fi omi tútù pò ó.

Òru mẹ́ta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ni a ní tẹ́ẹ̀sì ìṣirò. Mo ka ìbéèrè kìíní, mo ka ìkejì, ohun tí mo tún mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni pé ẹnì kan ń gbọ̀n mí léjìká, itọ́ mi sì ti rin ìbéèrè kẹrin. 11 nínú 40 ni mo gbà. Ohun tí mò ń sá fún gan-an ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi lọ bá.

Ìyá tó ń tọ́jú họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ló kọ́kọ́ fura. Ó wá bá mi ní àkókò siesta, mo di ojú pa bí ẹni tó ti sùn. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ. Dìde, ká lọ sí sick bay." Mo dìde.

Ọmọ Berom ni nọ́ọ̀sì wa, kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó jókòó tì mí, ó ṣàlàyé. Mo tún lọ ka ìwé ní láíbírì. Ohun tí mo rí kọ́ níbi méjèèjì ni mo fẹ́ sọ fún yín ní èdè wa.

KÍ LÓ Ń MÚ KÉÈYÀN SÙN?

Nǹkan méjì ló ń mú oorun wá. Àkọ́kọ́ dà bí ebi. Látìgbà tá a bá ti jí ni nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní adenosine á ti máa kóra jọ sínú ọpọlọ wa. Bó ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú á máa wúwo. Tá a bá sùn, á tún lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀sán sùn fún wákàtí mẹ́ta, ebi oorun rẹ̀ ti tán, kí ló fẹ́ fi sùn lálẹ́?

Ìkejì ni aago tó wà nínú ara wa. Aago yìí mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọpọlọ á tú nǹkan kan tó ń jẹ́ melatonin sínú ẹ̀jẹ̀, láti sọ fún ara pé alẹ́ ti lẹ́ o. Ní ọdún 2017, àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, gba ẹ̀bùn Nobel torí pé wọ́n ṣàwárí bí aago yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara eṣinṣin kékeré tó ń bà lé èso.

Ohun tó kan àwa gan-an rè é: tí ọmọdé bá ti ń bàlágà, aago yìí máa ń sún sẹ́yìn. Melatonin tiwa kì í tètè jáde bíi ti àwọn àbúrò wa. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ojú wa á dá wáí nígbà tí wọ́n bá pa iná, tó sì jẹ́ pé tí agogo bá lù ní ìdájí, á dà bíi kéèyàn sunkún. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni gbogbo wa.

Àwọn dókítà onímọ̀ oorun ní kí ọmọ ọdún 13 sí 18 máa sùn fún wákàtí 8 sí 10 lójúmọ́. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí, torí èyí mo mọ̀ ọ́n. Aago 10 la ń sùn, aago 5 la ń jí: wákàtí 7. Ẹ fi wákàtí kan ti siesta kún un: 8 géérégé. Kò ṣẹ́ kù rárá. Nítorí náà, ẹ̀yin síníọ̀ wa, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ yín, tí ẹ bá ń jí wa ní aago 4 pé ká lọ pọnmi, nínú 8 yẹn lẹ ti ń yọ ọ́ o. Ẹ jẹ́ ká máa pọn ọ́n ní ìrọ̀lẹ́.

Oorun kì í ṣe ìgbà tí ọpọlọ ń ṣeré. Nígbà tá a bá sùn ni ọpọlọ máa ń to ohun tá a kọ́ lójúmọ́ sí ààyè rẹ̀, kó lè dúró. Ẹni tó kàwé mọ́jú dà bí ẹni tó pọnmi sínú garawa jíjò. Ó pọn ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n èló ló máa bá nínú ẹ̀ lọ́la?

KÍ LÓ DÉ TÍ ÀNÍYÀN FI Ń LÉ OORUN LỌ?

Nọ́ọ̀sì bi mí pé tí mo bá rí ejò lábẹ́ bọ́ǹkì, ṣé màá sùn? Mo ní rárá o, màá sá jáde ni. Ó ní ohun tí ara mi ń ṣe lóru nìyẹn. Bí ẹ̀rù bá ti bà wá, àwọn ẹṣẹ́ kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín wa á tú adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù, iṣan á le, èémí á yára, ojú á là. Ó dáa bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ ejò, torí ká lè sá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ara ò mọ̀ pé owó ilé-ìwé kì í ṣe ejò. Ìdánwò kì í ṣe ejò. Ṣùgbọ́n bí ọkàn bá ti ń pariwo, ara á máa múra eré sísá, kò sì sẹ́ni tó lè sùn lórí eré.

Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mélòó kan, àìrí-oorun-sùn fúnra rẹ̀ á di ejò tuntun. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni mo ti ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀dì mi. Mò ń ṣàníyàn pé mi ò ní sùn, àníyàn yẹn ni ò sì jẹ́ kí n sùn. Àwọn àgbà ní àròkàn ní í mú ẹkún àsun-ùn-dákẹ́ wá. Ó mú àìsùn náà wá.

OHUN TÓ RÀN MÍ LỌ́WỌ́

Àkọ́kọ́, kíkọ àníyàn sílẹ̀. Kí prep tó parí, mo máa ń ṣí ẹ̀yìn ìwé mi kan, màá fa ìlà sí àárín. Lápá ọ̀tún, màá kọ ohun tí mo lè ṣe lọ́la: "ṣe ìbéèrè márùn-ún nínú algebra", "bi olùkọ́ léèrè nípa simultaneous equations". Lápá òsì, màá kọ ohun tí kò sí lọ́wọ́ mi. Màá wá pa ìwé dé. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Baylor ní Texas gbé irú èyí yẹ̀ wò. Àwọn ọ̀dọ́ 57 ló wá sùn lọ́dọ̀ wọn. Àwọn kan fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ iṣẹ́ tó wà níwájú wọn, àwọn yòókù kọ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe tán. Àwọn tó kọ iṣẹ́ tó wà níwájú ló tètè sùn, nǹkan bí ìṣẹ́jú 9 ni wọ́n fi ṣáájú. Ó dà bíi pé tí ìwé bá ti gbà á, ọkàn á sọ ọ́ kalẹ̀.

Èkejì, bẹ́ẹ̀dì wà fún oorun nìkan. Mi ò kàwé lórí bọ́ǹkì mọ́, mi ò jẹun níbẹ̀, mi ò jókòó síbẹ̀ ronú. Ní 1972, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Richard Bootzin ló gbé ìmọ̀ràn yìí kalẹ̀: tí oorun ò bá tètè wá, dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kó o padà nígbà tí oorun bá kùn ọ́. Òfin họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ò jẹ́ ká máa rìn kiri lóru, nítorí náà orí àpótí mi ni mo máa ń jókòó sí, nínú òkùnkùn, jẹ́ẹ́. Mi ò sì kì í wo aago. Ọ̀rẹ́ mi ló ń bá mi pa aago ọwọ́ mi mọ́ títí di àárọ̀.

Ẹ̀kẹta, obì àti kọfí. Káfíìnì tó wà nínú wọn máa ń dí ọ̀nà mọ́ adenosine, ebi oorun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ebi náà wà níbẹ̀ o, a ò kàn ní mọ̀ ọ́n lára ni. Nínú ara àgbàlagbà, ó máa ń gbà tó bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ẹni tó bá mu kọfí ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, tó bá di aago 11, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Tíì àti kóòkì náà ní i, ohun mímu alágbára inú agolo sì ní tirẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ẹ̀kẹrin, mímí àti dídẹ ara. Màá fa èémí wọlé, màá ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Màá rọra tú u jáde, màá kà á dé ẹ̀fà. Lẹ́yìn náà, màá di ìka ẹsẹ̀ mi pọ̀ pinpin, màá wá dẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Màá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹsẹ̀, ikùn, ọwọ́, títí dé ojú. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Edmund Jacobson ló bẹ̀rẹ̀ dídi iṣan àti dídẹ̀ ẹ́ yìí. Nígbà míì mi ò kì í dé ojú tí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ìbọ̀sẹ̀. Gbogbo wa la mọ òtútù Jos nígbà ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ tútù dáa fún oorun, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tútù ò dáa. Bí ẹsẹ̀ bá móoru, oorun máa ń tètè dé.

Ẹ̀kẹfà, mi ò sun siesta ju bíi 30 ìṣẹ́jú lọ. Ẹni tó ń sùn dáadáa lóru lè sun gbogbo wákàtí náà. Ẹni tí òru ń ṣòro fún ni kó fi ebi díẹ̀ sílẹ̀ de alẹ́.

Ẹ má sì gba oògùn oorun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan máa ń mu oògùn ọ̀fìnkìn tàbí oògùn ikọ́ kí wọ́n lè sùn. Ohun tó wà nínú àwọn oògùn ikọ́ kan burú débi pé ní 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe èyí tó ní codeine nínú àti kíkó o wọ Nàìjíríà. Dókítà nìkan ló lè sọ oògùn tó yẹ ẹni.

ÈYÍ TÍ ÌWÉ Ò LÈ GBÀ

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n apá òsì ìwé mi ò yí padà. Lójoojúmọ́ ni mo ń kọ ohun kan náà síbẹ̀: owó. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyá họ́sítẹ́ẹ̀lì wa rí i. Kò sọ nǹkan kan, fóònù rẹ̀ ló yọ, ó ní kí n pe bàbá mi.

Mo sọ fún un pé mo gbọ́ ohun tó sọ ní ọ́fíìsì lọ́jọ́sí. Kò dáhùn fún ìgbà díẹ̀, mo rò pé fóònù ti gé. Ó wá ní, "O gbọ́ ọ, o sì ń dá a rù látìgbà yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó ní, "Bàbá mi gbé ẹrù láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tà ní Jos níbí, ìgbà tó tà wà, ìgbà tí ò tà wà. Kò sọ ọ́ di ẹrù tèmi. Owó ilé-ìwé, ẹrù tèmi ni. Ìwé rẹ ni ẹrù tìrẹ. Lọ sùn, ọmọ mi."

Kò sọ fún mi pé owó ti wà o. Títí di báyìí, wọn ò tíì san gbogbo rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n mo sùn lóru ọjọ́ yẹn títí agogo fi lù, ọ̀rẹ́ mi ní èmi ni mo hanrun.

Nínú tẹ́ẹ̀sì tá a ṣe kẹ́yìn, 23 nínú 40 ni mo gbà. Kò tíì pọ̀, mo mọ̀. Òru kan ṣì wà tí oorun máa ń pẹ́ kó tó dé, pàápàá ọjọ́ Sunday. Mi ò kì í bá a jà mọ́. Màá jókòó sórí àpótí mi, màá dúró dè é.

Tó bá ń ṣe ìwọ náà bẹ́ẹ̀, má dúró pẹ́ bí mo ṣe dúró. Tí oorun bá ń kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tó bá ń mú ọ sùn ní kíláàsì, tàbí tí ọkàn rẹ bá bàjẹ́ débi pé ayé sú ọ, lọ bá nọ́ọ̀sì, tàbí ìyá họ́sítẹ́ẹ̀lì, tàbí olùkọ́ kan tó o fọkàn tán, lónìí lónìí. Tí ojú bá tì ọ́, wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ láíbírì, màá sìn ọ́ lọ sí sick bay. Mo mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa.

Ẹ ò rí i pé ìkíni alẹ́ wa dùn? A kì í sọ pé alẹ́ ọ yìí á dáa. Ohun tá a ń sọ ni pé a tún máa rí ara wa tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ó dàárọ̀ o.